Ẹ̀yin Olùtọ́jú Aláìsàn, Ẹ Má Fi Ọwọ́ Tó Ń Là Pa Mọ́

Ẹ̀yin ọmọ Yorùbá tí ẹ ń ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹ̀yin tí ẹ ń wẹ àgbàlagbà, tí ẹ ń pààrọ̀ aṣọ ìbùsùn wọn ní ilé ìtọ́jú tàbí láti ilé dé ilé, ẹ̀yin tí ẹ ń nu ilẹ̀ wọ́ọ̀dù lóru, ẹ̀yin ni mo ń bá sọ̀rọ̀. Bí oṣù Bélú bá ti wọlé, ẹ̀yìn ọwọ́ yín á bẹ̀rẹ̀ sí í funfun. Tó bá fi máa di oṣù Ṣẹ́rẹ́, oríkèé ìka á ti là, omi lásán á máa ta á. Ẹ ó sì dákẹ́. Ẹ ó ní bí iṣẹ́ ṣe rí nìyẹn. Rárá o. Àìsàn tí iṣẹ́ ń fà ni, òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì mọ̀ ọ́n, ó ṣeé dènà, ó sì ṣeé wò.

Òróró díẹ̀ wà lójú awọ ara wa tí kì í jẹ́ kí omi inú rẹ̀ fà gbẹ. Ọṣẹ tó ń ṣí ìdọ̀tí kúrò ló ń ṣí òróró yìí náà, omi gbígbóná sì ń bá a ṣe é. Àjọ Ìlera Àgbáyé ka ìgbà márùn-ún tí olùtọ́jú gbọ́dọ̀ fọ ọwọ́ rẹ̀ mọ́ nídìí aláìsàn kan ṣoṣo: kó tó fọwọ́ kàn án, kó tó ṣe iṣẹ́ tó gba ìmọ́tótó bíi ìtọ́jú ọgbẹ́, lẹ́yìn ohun tó lè mú kí ẹ̀jẹ̀ tàbí ìgbẹ́ ta sí i lára, lẹ́yìn tó bá fọwọ́ kan aláìsàn tán, àti lẹ́yìn tó bá fọwọ́ kan bẹ́ẹ̀dì tàbí tábìlì rẹ̀. Ẹ wá fi iye aláìsàn tó wà ní wọ́ọ̀dù yín ṣírò rẹ̀. Mi ò ní kí ẹ dín in kù, ẹ̀mí ènìyàn wà nínú rẹ̀. Ohun tí mò ń sọ ni pé òróró tí ìfọwọ́ bá ṣí kúrò, a gbọ́dọ̀ dá a padà.

Òtútù ló wá ń parí iṣẹ́ náà. Nílé, gbogbo wa la mọ ọyẹ́: ètè á là, gìgísẹ̀ á là, a ó máa wá òrí kiri. Ṣùgbọ́n òjò ń rọ̀ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kùrukùru ń bo títì, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ wa kò fi ka ìgbà òtútù ibẹ̀ sí ọyẹ́. Inú ilé ni ọyẹ́ tiwọn wà. Afẹ́fẹ́ tútù kì í lè gba omi púpọ̀ sára. Tó bá wọlé tí hítà mú un gbóná, á gbẹ táútáú, á sì máa fa omi níbikíbi tó bá ti rí i, títí kan ẹ̀yìn ọwọ́ yín. Àwọn onílù mọ ohun tí ooru ń ṣe fún awọ: bí wọ́n bá yáná sí ìlù, awọ á fà, á le. Ọwọ́ yín kò sì dúró sójú kan bí awọ ìlù. Ó ń ká, ó ń nà ní gbogbo ìṣẹ́jú, ibi tó ti ń ká náà ló ti ń là.

Ẹ gbọ́ ìtàn nọ́ọ̀sì kan. Caroline Hampton lorúkọ rẹ̀, òun ni olórí nọ́ọ̀sì yàrá iṣẹ́ abẹ ní ilé-ìwòsàn Johns Hopkins ní Baltimore, ní Amẹ́ríkà. Ìgbà òtútù 1889 sí 1890 ni. Mercuric chloride ni wọ́n fi ń pa kòkòrò nígbà náà, ó sì jẹ ọwọ́ àti apá obìnrin yìí débi pé ara rẹ̀ kò gbà á mọ́. Kò dákẹ́. Ó sọ ọ́ fún ọ̀gá rẹ̀, William Halsted, oníṣẹ́ abẹ tó lórúkọ. Halsted kò sọ fún un pé bí iṣẹ́ ṣe rí nìyẹn. Ó ní kí ilé-iṣẹ́ Goodyear ṣe ìbọ̀wọ́ rọ́bà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ fún un. Nítorí ọwọ́ tó ń ro nọ́ọ̀sì yìí ni ìbọ̀wọ́ rọ́bà ṣe wọ yàrá iṣẹ́ abẹ ní ilé-ìwòsàn yẹn. Pé ó ń dáàbò bo aláìsàn náà, ẹ̀yìn ìgbà yẹn ni wọ́n tó mọ̀ ọ́n. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mú nínú ìtàn yìí ni pé obìnrin náà sọ̀rọ̀.

Ó yá, kí la ó ṣe? Ọ̀pọ̀ wa ló ń sá fún sánítáísà ọlọ́tí nítorí pé ó ń ta. Ó ń ta nítorí pé ọwọ́ ti là tẹ́lẹ̀. Gílísáríìnì wà nínú èyí tí Àjọ Ìlera Àgbáyé là sílẹ̀, ó sì rọ awọ lọ́rùn ju ọṣẹ àti omi lọ. Nítorí náà, bí ìdọ̀tí kò bá hàn lójú ọwọ́ yín, sánítáísà ni kí ẹ lò. Kò wúlò láti fọwọ́ kí ẹ tún fi sánítáísà ra á lójú kan náà. Àfi nídìí aláìsàn tó ń yàgbẹ́ gbuuru tàbí tó ń bì: kòkòrò bíi Clostridioides difficile àti norovirus kò bẹ̀rù ọtí, ọṣẹ àti omi ni kí ẹ lò níbẹ̀. Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ni, kì í ṣe gbígbóná. Ẹ rẹ ọwọ́ kí ẹ tó bu ọṣẹ sí i, ẹ ṣan ọṣẹ kúrò láàárín ìka, kí ẹ sì fi bébà tẹ omi gbẹ, ẹ má ṣe fi ha ara. Ẹ má wọ ìbọ̀wọ́ sórí ọwọ́ tútù láé. Omi tó há sínú rọ́bà máa ń ba awọ jẹ́.

Ní ti ìpara, inú mi dùn láti sọ pé ohun tí àwọn ìyá wa ń fi pa wá lára ṣì wúlò. Òrí dára. Vaseline náà dára. Iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ń ṣe: wọ́n ń dí ojú awọ kí omi má bàa jáde. Lálẹ́, kí ọwọ́ tó gbẹ tán, ẹ fi pa á dáadáa, kí ẹ wọ ìbọ̀wọ́ òwú sí i, kí ẹ sùn. (Ẹ má wọ ìbọ̀wọ́ náà sún mọ́ iná gáàsì tàbí sìgá, aṣọ tó ti mu òróró máa ń gbiná kíákíá.) Ṣùgbọ́n ẹ má fi òrí tàbí Vaseline pa ọwọ́ kí ẹ tó wọ ìbọ̀wọ́ látẹ́ẹ̀sì, òróró ń jẹ rọ́bà náà. Níbi iṣẹ́, kírímù tí kò ní lọ́fínńdà, tó wà nínú ohun tí à ń tẹ̀, ni kí ẹ lò, nígbà ìsinmi àti nígbà tí iṣẹ́ bá parí. Ike tí gbogbo ènìyàn ń ki ìka bọ̀ lè gbé kòkòrò láti ọwọ́ kan sí òmíràn.

Ọṣẹ dúdú ńkọ́? Mo mọ iyì rẹ̀, ṣùgbọ́n eérú ni wọ́n fi ń sè é, ó le fún ọwọ́ tó ti là. Ẹ gbé e tì títí ọwọ́ yóò fi san. Ẹ má fun ọsàn wẹ́wẹ́ sí i, ẹ má fi ìpara tó máa ń ta ara ra á. Èyí tó ń bà mí lẹ́rù jù ni àwọn kírímù abóra tí wọ́n ń tà lábẹ́ káńtà ní ṣọ́ọ̀bù àwọn ará wa. Oògùn stẹ́rọ́ídì líle wà nínú ọ̀pọ̀ nínú wọn, láìsí ìwé dókítà. Ọwọ́ á dán fún ìgbà díẹ̀, awọ á fẹ́lẹ́, àìsàn náà á sì padà. Dókítà lè fún yín ní stẹ́rọ́ídì náà, ṣùgbọ́n yóò sọ bí ó ṣe le tó àti ìgbà tí ẹ ó dá a dúró.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tí àwọn ìwé ìlera kì í sọ tó. Wọ́n á ní kí ẹ wò ó bóyá ọwọ́ ti pọ́n. Awọ wa kì í sábà pọ́n. Ó lè dúdú sí i, ó lè dà bí eérú, ó lè ní àwọ̀ àlùkò, ó lè nípọn kó sì ní kókó wínníwínní. Mo ti rí olùtọ́jú tí wọ́n ní kó máa lọ nítorí pé ọwọ́ rẹ̀ kò pọ́n. Nítorí náà, ẹ ya fọ́tò ọwọ́ yín nígbà tó dá, ẹ ya á nígbà tó là, kí ẹ fi méjèèjì han GP, ìyẹn dókítà ìdílé yín. Ẹ sọ fún un pẹ̀lú bóyá ó máa ń san nígbà tí ẹ bá gba ìsinmi, tó sì máa ń padà tí ẹ bá wọṣẹ́. Àmì pé iṣẹ́ ló ń fà á nìyẹn. Tó bá jẹ́ ibi tí ìbọ̀wọ́ dé ní ọrùn ọwọ́ ló ń yún, ó lè jẹ́ èròjà inú ìbọ̀wọ́ ni ara yín kọ̀. Ẹ béèrè àyẹ̀wò tí wọ́n máa ń lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn. Bí mímí bá ń ṣòro lẹ́yìn tí ẹ wọ ìbọ̀wọ́, pàjáwìrì ni. Bí ọwọ́ bá wú, tó gbóná, tó ń ṣọyún, ẹ má dúró di ọ̀la.

Mo mọ ẹ̀rù tó ń pa ẹni tí ìwé ìgbélùú rẹ̀ so mọ́ ẹni tó gbà á síṣẹ́. Ẹ ń rò pé tí ẹ bá sọ pé ọwọ́ ń dùn yín, wọ́n á ní ẹ kò lè ṣiṣẹ́ mọ́. Ṣùgbọ́n òfin COSHH ti 2002 ló di ẹrù yìí lé agbanisíṣẹ́ lórí: òun ló yẹ kó wo ewu tó wà nínú ọṣẹ àti ìbọ̀wọ́, kó sì dín in kù. Bí dókítà bá sọ pé iṣẹ́ ló fà á, òfin RIDDOR ti 2013 ní kí agbanisíṣẹ́ fi tó ìjọba létí. Ẹ kọ ọ́ sínú ímeèlì, kó lè ní déètì. Ẹ wọ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́, kí ẹ má bàa dá nìkan sọ̀rọ̀. Àǹfààní aláìsàn wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú: awọ tó là máa ń gba kòkòrò bíi Staphylococcus aureus mọ́ra, ẹni tí omi ń ta lọ́wọ́ á sì máa yẹra fún ìfọwọ́ láìmọ̀.

Ẹ̀yin ọ̀gá ilé ìtọ́jú, bí ẹ ṣe ń ra ọṣẹ ni kí ẹ máa ra kírímù. Ẹ̀yin ọkọ, ẹ̀yin aya àti ẹ̀yin ọmọ tó ti gbọ́njú, ẹ gba abọ́ fífọ̀ àti ata lọ́wọ́ ẹni tó ti ibi iṣẹ́ òru dé. Ẹ̀yin olùtọ́jú fúnra yín, bí ẹ bá ti ń fi ìpara pa ọwọ́ tí kò sì san, ẹ má dúró de ìgbà ooru. Ẹ pe GP yín lọ́sẹ̀ yìí, kí ẹ sì sọ fún máníjà yín lọ́jọ́ kan náà.