Sinimá Àtijọ́ Kò Yẹ Ní Títì Mọ́ Inú Àpótí

Àwọn àgbà a máa wí pé bí ọmọdé bá ní aṣọ tó àgbà, kò lè ní àkísà tó àgbà. Àkísà tí òwe yìí ń tọ́ka sí kì í ṣe ohun ìtìjú. Ẹ̀rí ni pé ẹni tí ó ní in ti pẹ́ láyé, ó sì ti rí ohun púpọ̀. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ọ̀rọ̀ orílẹ̀-èdè rí. Orílẹ̀-èdè tí ó bá ń ṣe ohun tuntun lójoojúmọ́, ṣùgbọ́n tí kò lè fi ti àtẹ̀yìnwá han àwọn ọmọ rẹ̀, ọmọdé ni í ṣe, bí ó ti wù kí aṣọ rẹ̀ pọ̀ tó.

Ojú yìí ni mo fẹ́ kí a fi wo ọ̀rọ̀ sinimá wa. Fíìmù Yorùbá tuntun ń jáde lọ́tùn-ún lósì, ṣùgbọ́n bí a bá béèrè lọ́wọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Olúpọ̀nnà wa yìí pé ta ni ó ti wo Àjàní Ògún tàbí Ayé rí, n kò rò pé ọwọ́ tí yóò nà sókè yóò pọ̀. Èrò mi ni pé ó yẹ kí a máa wá àwọn fíìmù àtijọ́ rí, kí a máa tún wọn ṣe, kí a sì máa fi wọ́n hàn ní gbangba, kì í ṣe ní Èkó nìkan, bí kò ṣe ní àwọn ìlú bí Olúpọ̀nnà pẹ̀lú.

Àṣà yìí kì í ṣe tuntun ní ayé. Ní ìlú Bologna ní orílẹ̀-èdè Ítálì, láti 1986 ni wọ́n ti ń ṣe àjọ̀dún sinimá kan tí ó jẹ́ pé fíìmù àtijọ́ tí a wá rí tí a sì tún ṣe ni olórí ohun tí wọ́n ń wò níbẹ̀. Wọn a ta aṣọ funfun gbàgàdà sí gbàgede àárín ìlú, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn, tọmọdé tàgbà, a sì jókòó lábẹ́ ojú ọ̀run láti wo ohun tí àwọn bàbá wọn ti wò rí. Ní ìhà ọ̀dọ̀ tiwa níhìn-ín, àjọ̀dún FESPACO, tí a dá sílẹ̀ ní Ouagadougou ní 1969, a máa fi àyè sílẹ̀ fún iṣẹ́ àwọn aṣáájú.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé àwa kò ní ohun tí a lè fi hàn. Oṣù kẹjọ ọdún 1903 ni a kọ́kọ́ fi sinimá han àwọn ará ìlú ní Nàìjíríà, ní gbọ̀ngàn Glover ní Èkó. Fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn èyí, iṣẹ́ àwọn ará ilẹ̀ òkèèrè ni a ń wò. Àwọn òṣèré orí ìtàgé tiwa ni wọ́n wá yí ọ̀rọ̀ náà padà. Hubert Ògúndé, Kọ́lá Ògúnmọ́lá, Dúró Ládiípọ̀ àti Oyin Adéjọbí a máa fi ọkọ̀ kó òṣèré, ìlù àti aṣọ eré láti ìlú dé ìlú. Òṣogbo, tí kò jìnnà sí wa, ni mẹ́ta nínú àwọn mẹ́rin yìí fi ṣe ibùdó. Wọn kì í retí kí ará ìlú kékeré wá bá wọn. Àwọn ni wọ́n ń lọ bá a nílé. Nígbà tí ó di 1976, Ọlá Balógun darí Àjàní Ògún, nínú èyí tí Adéyẹmí Afọláyan, tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí Adé Love, ti jẹ́ olú-òṣèré. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ka eré yìí sí fíìmù gígùn àkọ́kọ́ ní èdè Yorùbá. Ògúndé sì tẹ̀ lé e: ó gbé Ayé jáde ní 1979, Jáiyésinmi ní 1980, Àròpin N'Tènìà ní 1982, àti Àyànmọ́ ní 1988.

Ìtàn nìkan kọ́ ni ó wà nínú àwọn fíìmù wọ̀nyí. Ìwọṣọ wà níbẹ̀, ijó wà níbẹ̀, ọ̀nà ìkíni àti ojú pópó ìlú bí ó ti rí nígbà náà wà níbẹ̀. Ògúndé ti kú ní 1990, Adé Love ní 1996. Ojú tí ó bá ń fẹ́ rí bí wọ́n ti ń rìn, etí tí ó bá ń fẹ́ gbọ́ bí wọ́n ti ń pe ọfọ̀, inú fíìmù ni yóò ti bá wọn pàdé. Ẹni tí ó ń kọ́ èdè Yorùbá kò gbọdọ̀ ka irú nǹkan báyìí sí eré lásán.

Ewu tí ó wà lórí wọn kì í ṣe kékeré. Fíìmù ayé ìgbà náà jẹ́ ọ̀rá gígùn tẹ́ẹ́rẹ́ tí a fi oògùn pa lára, tí a sì ká sínú agolo. Bí ooru àti ọ̀rinrin bá ń bá a jà, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í rùn bí ọtí kíkan, yóò sún kì, yóò lọ́, àwọ̀ rẹ̀ yóò sì máa ṣá títí yóò fi di kìkì pupa. Ọwọ́ ènìyàn náà sì tún wà níbẹ̀. Ní 1982, Moses Ọláìyá Adéjùmọ̀, ọmọ Ìlẹ́ṣà tí a mọ̀ sí Bàbá Sàlá, gbé Ọ̀run Móoru jáde. Àwọn olè ṣe àdàkọ rẹ̀ sórí fídíò, wọ́n ń tà á káàkiri. Ẹni tí ó ń pa gbogbo ayé lẹ́rìn-ín wá di ẹni tí gbèsè wọ̀ lọ́rùn. Ó kú ní 2018, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ inú ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò kú.

Ẹni tí ó bá gbọ́ irú ìròyìn yìí lè rò pé ó sàn kí olóhun ti ohun rẹ̀ mọ́ inú àpótí. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Àpótí tí ó gba fíìmù sílẹ̀ lọ́wọ́ olè kò lè gbà á sílẹ̀ lọ́wọ́ ooru. Ohun tí ó lè gbà á lọ́wọ́ àwọn méjèèjì ni kí a máa fi í hàn pẹ̀lú àṣẹ, kí a sì máa san owó tí ó tọ́ fún olóhun tàbí fún àwọn ọmọ rẹ̀. Bí èrè bá ń ti inú fíìmù wá, a óò rí ẹni tí yóò tọ́jú rẹ̀.

Ẹ gbọ́ àpẹẹrẹ kan. Ní 1976, Adamu Halilu darí Shaihu Umar ní èdè Haúsá, láti inú ìwé tí Abubakar Tafawa Balewa kọ. Ó pẹ́ tí àwọn ènìyàn ti gbà pé fíìmù náà ti sọnù. Ní 2015, Didi Cheeka, ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n dá ẹgbẹ́ Lagos Film Society sílẹ̀, rí àwọn agolo fíìmù tí ń jẹrà nínú ilé àtijọ́ tí ẹ̀ka fíìmù ìjọba amúnisìn ti ń ṣiṣẹ́ ní Ìkòyí. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, a rí Shaihu Umar ní ilé ìpamọ́ fíìmù ìjọba ní Jos. Wọ́n tún un ṣe ní Berlin ní orílẹ̀-èdè Jámánì, wọ́n sì fi í hàn ní àjọ̀dún ìlú náà ní 2018. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn ará Jámánì. Síbẹ̀ ó yẹ kí ó dùn wá pé ará Berlin lè rí ìran Nàìjíríà kí ọmọ Nàìjíríà tó rí i.

Àwọn kan yóò wí pé kò sí ohun tí a ń wá tí kò sí lórí fóònù. Òótọ́ díẹ̀ wà nínú èyí, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ohun tí ó wà níbẹ̀ jẹ́ àdàkọ àdàkọ, tí ojú òṣèré ti di bàìbàì, tí ohùn kò sì já gaara mọ́. Yàtọ̀ sí èyí, ẹni tí ó ń wo fóònù, òun nìkan ni ó ń wò ó. Nínú àwùjọ, àgbà kan yóò túmọ̀ ọfọ̀ fún ọmọdé tí ó jókòó tì í, gbogbo ènìyàn yóò jọ rẹ́rìn-ín, wọn yóò sì máa jiyàn lórí eré náà títí wọn yóò fi dé ilé.

Àwọn mìíràn yóò wí pé ọ̀rọ̀ àjẹ́ àti oṣó ti pọ̀ jù nínú àwọn eré náà, pàápàá ní agbègbè Ìwó, níbi tí Mùsùlùmí àti Kìrìsìtẹ́nì pọ̀ sí. N kò lè sọ pé irọ́ ni wọ́n pa. Ṣùgbọ́n wíwò yàtọ̀ sí gbígbàgbọ́. Kí olùkọ́ dìde lẹ́yìn eré, kí ó bi àwọn ọmọ léèrè ohun tí wọ́n gbà àti èyí tí wọn kò gbà. Ọgbọ́n inú ọmọ tí ó ti gbọ́ ẹjọ́ àwọn bàbá rẹ̀ kí ó tó dá a yóò ju ti ọmọ tí a kò jẹ́ kí ó gbọ́ rárá.

Àtakò tí ó wúwo jù ni ti owó. Àtúnṣe fíìmù kì í ṣe iṣẹ́ kékeré, apá ìlú kan ṣoṣo kò lè ká a. Ti ìjọba ni èyí, àti ti àwọn olùrànlọ́wọ́ bí àwọn tí wọ́n pinnu ní 2017, pẹ̀lú UNESCO àti ẹgbẹ́ FEPACI, láti tún 50 fíìmù Áfíríkà ṣe. Ṣùgbọ́n fífi fíìmù hàn kò wọ́n tó bẹ́ẹ̀. Aṣọ funfun kan, ẹ̀rọ tí ń tan àwòrán sára rẹ̀, ẹ̀rọ iná, àti gbọ̀ngàn ilé-ẹ̀kọ́ tàbí pápá ìṣeré ní àkókò ẹ̀ẹ̀rùn, ó tó. Ẹni tí ó wà ní Olúpọ̀nnà kò gbọdọ̀ wọkọ̀ dé Èkó kí ó tó lè wo eré tí wọ́n ti fi èdè rẹ̀ ṣe. Bí àwọn tí ń ṣe àjọ̀dún sinimá ní Èkó bá lè ya alẹ́ kan sọ́tọ̀ lọ́dún fún àwọn ìlú kéékèèké, tí àwọn ará ìlú sì dá owó, iṣẹ́ náà yóò ṣe é ṣe. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ má ṣe wí pé ọ̀rọ̀ àwọn àgbà ni èyí. Ẹ lọ bá àwọn bàbá àti ìyá yín àgbà, kí ẹ bi wọ́n léèrè fíìmù tí wọ́n wò nígbà èwe, ibi tí wọ́n ti wò ó, àti ohun tí wọn kò gbàgbé nínú rẹ̀. Ẹ kọ orúkọ eré náà sílẹ̀. Ohun tí ẹnikẹ́ni kò rántí mọ́, ta ni yóò wá a? Fíìmù tí a mọ orúkọ rẹ̀ ṣì lè di rírí.