Ó Yẹ Kí A Fi Ẹsẹ̀ Wa Dé Èjìgbò

Àwọn àgbà ní ìròyìn kò tó àfojúbà. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òkè kan wà tí wọ́n ń pè ní Bleaklow. Ní ọjọ́ 3 oṣù kọkànlá ọdún 1948, ọkọ̀ òfuurufú àwọn ológun Amẹ́ríkà kan já sí orí òkè yìí, àwọn ènìyàn 13 tí ó wà nínú rẹ̀ sì kú. Àfọ́kù ọkọ̀ náà ṣì wà níbẹ̀, àwọn ènìyàn a sì máa fi ẹsẹ̀ gun òkè lọ wò ó. Àwa ńkọ́?

Àwa ará Festac àti Amúwo-Ọ̀dọ̀fin kò ní òkè. Omi àti ẹrẹ̀ ni tiwa. Ṣùgbọ́n ibi tí ọkọ̀ òfuurufú já sí kò jìnnà sí wa. Ní ọjọ́ Sátidé, 26 oṣù kẹsàn-án ọdún 1992, ọkọ̀ Hercules C-130 ti àwọn ọmọ ogun òfuurufú Nàìjíríà gbéra ní Ìkẹjà. Kò ju ìṣẹ́jú mélòó kan lọ tí ó fi já lulẹ̀ ní agbègbè kánààlì Èjìgbò. Àwọn tí ó kú lé ní 150. Ẹnì kan kò yè. Ọ̀pọ̀ wọn jẹ́ ọ̀gá ológun tí wọ́n ṣì ń gòkè bọ̀ lẹ́nu iṣẹ́.

Ní ọdún tí ó kọjá, èmi àti ọ̀rẹ́ mi méjì fi ẹsẹ̀ rìn láti Festac lọ sí ibẹ̀. A gba Mile 2, a gba Cele, a gba Ìsọlọ̀ kí a tó dé Òkè-Àfá. Bí a bá ti béèrè lọ́wọ́ àwọn ọ̀dọ́ ẹgbẹ́ wa, ìtàn bọ́ǹbù ni wọ́n ń sọ fún wa. N kò bá wọn wí. Ní ọjọ́ 27 oṣù kìíní ọdún 2002, nígbà tí ilé ìkó-àdó-olóró-sí gbiná ní bárékè Ìkẹjà, ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn tí ó ń sá àsálà ni ó kú sínú kánààlì Òkè-Àfá. Ọ̀fọ̀ kejì bo ti àkọ́kọ́ mọ́lẹ̀. Àwọn mìíràn tilẹ̀ ti lọ́ méjèèjì pọ̀ di ìtàn kan ṣoṣo. Bí ó bá ń lọ báyìí, láìpẹ́, a kò ní mọ ikú tí ó pa ta ni mọ́.

Àwọn kan yóò ní ibi ọ̀fọ̀ kì í ṣe ibi ìran, pé ètùtù ni Yorùbá ń ṣe sí irú ibẹ̀. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ń ṣètùtù mọ ẹni tí ó ń ṣe é fún. Ìgbàgbé kì í ṣe ètùtù. N kò sọ pé kí a lọ máa ya fọ́tò kí a sì máa rẹ́rìn-ín. Kí a lọ bí ẹni tí ó lọ kí ọlọ́fọ̀ ni.

Àwọn mìíràn yóò ní òpó ìrántí tó. Òpó lè gba orúkọ. Kò lè sọ ohun tí etí aládùúgbò gbọ́ lọ́jọ́ náà. Ẹni tí ó jẹ́ ọmọ ọgbọ̀n ọdún ní 1992 ti lé ní ọgọ́ta báyìí. Àwa tí a ń gbé rẹ́kọ́dà lọ sí abúlé jíjìn nítorí oríkì àti ìjálá, kí ló dé tí a kò lọ bá àwọn àgbà tí ó wà nítòsí wa kí wọ́n tó kú?

Ìmọ̀ràn mi nìyí. Ní oṣù kẹsàn-án ọdọọdún, kí ẹgbẹ́ wa kó ara jọ lọ sí Èjìgbò àti Òkè-Àfá. Kí a tọrọ àyè lọ́wọ́ àwọn onílé. Kí a gba ìtàn sílẹ̀ lẹ́nu àwọn àgbà, kí a ya ti 1992 sọ́tọ̀ kúrò lára ti 2002, kí a sì kó gbogbo rẹ̀ sí ilé ìkàwé ẹ̀ka wa.

Bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Àwa náà ti dàgbà tó láti wo ẹ̀yìn.