Baba tí ó Dákẹ́

A ti ń gbọ́ tí àwọn àgbà kan ń wí pé ìwé ìtàn ìfẹ́ kò ní èrè kankan fún ọmọ ènìyàn, àfi kí ó máa mú ọkàn ọ̀dọ́ rin ìrìnkurìn. Àwa kò ní bá wọn jiyàn lórí gbogbo irú ìwé bẹ́ẹ̀, nítorí púpọ̀ nínú wọn kò ní láárí. Ṣùgbọ́n a fẹ́ yọ ọ̀kan sọ́tọ̀, èyíinì ni The Bride of Lammermoor, tí Sir Walter Scott, ọmọ ilẹ̀ Skọ́tlándì, tẹ̀ jáde ní ọdún 1819. Lójú tiwa, baba tí ó bí ọmọbìnrin ni ó yẹ kí ó kọ́kọ́ kà á, kí ọmọ náà tó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìdílé Ravenswood jẹ́ ọlọ́lá láti ìrandíran. Ogun àti ẹjọ́ ni ó gba ilẹ̀ mọ́ wọn lọ́wọ́, ẹni tí ilẹ̀ náà sì bọ́ sí lọ́wọ́ ni Sir William Ashton, amòfin tí ó mọ gbogbo kọ̀rọ̀ òfin. Edgar, àrólé Ravenswood, búra níbi ìsìnkú baba rẹ̀ pé òun yóò gbẹ̀san. Ó lọ bá Ashton láti bá a wíjọ́, ṣùgbọ́n akọ màlúù ẹhànnà kan kọlu Ashton àti Lucy ọmọ rẹ̀, Edgar sì yìnbọn pa á. Bí ìfẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Nígbà tí ó ṣe, àwọn méjèèjì ṣẹ́ owó wúrà kan sí méjì lẹ́bàá orísun omi, olúkúlùkù sì mú ààbọ̀ tirẹ̀ fún ẹ̀rí ìlérí.

A kò gbọdọ̀ gbójú fo Caleb, ìránṣẹ́ àgbà, tí ó ń fi irọ́ bo òṣì ọ̀gá rẹ̀ mọ́lẹ̀. Nígbà tí àlejò dé tí kò sí oúnjẹ nílé, ó ní àrá ni ó sán, tí ẹ̀bu ojú èéfín sì dà sínú gbogbo àsè. A rẹ́rìn-ín títí. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ti rí ilé ọlọ́lá tí ó ń di ahoro yóò mọ̀ pé ẹ̀rín náà kò dénú.

Gbogbo ẹni tí ó ka ìwé yìí ni ó ń dá Lady Ashton lẹ́bi, wọn kò sì ṣìwí. Òun ni ó ń gba lẹ́tà Edgar pamọ́, òun ni ó sì fagbára mú ọmọ rẹ̀ tọwọ́ bọ ìwé pé òun yóò fẹ́ Bucklaw. Síbẹ̀, ìkórìíra rẹ̀ kò farasin: gẹ́rẹ́ tí ó bá Edgar nínú ilé rẹ̀ ni ó lé e jáde. Ọkọ rẹ̀ ni àwa fẹ́ bá wíjọ́.

Sir William ni ó fọwọ́ ara rẹ̀ mú Edgar wọlé. Ó rí i pé ọmọ òun ń bá a rìn, kò sì wí nǹkan kan. Kì í ṣe àánú ni ó mú un ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ti gbọ́ pé ìjọba lè yí padà, pé ìbátan Edgar kan lè di alágbára, àti pé wọ́n lè tún ẹjọ́ ilẹ̀ nì gbé yẹ̀wò. Ó wá fi ọmọ rẹ̀ ṣe odi. Irú baba bẹ́ẹ̀ kò tán láyé: èyí tí ń gba ọ̀dọ́mọkùnrin lálejò nítorí ohun tí ó lè rí jẹ lára ìdílé rẹ̀, tí yóò sì ní òun kò mọ̀ sí i bí ọ̀rọ̀ bá di wàhálà.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ Bíbélì tí wọ́n fi pa ìlérí náà rẹ́. Edgar ti òkè òkun dé nígbà tí Lucy ṣẹ̀ṣẹ̀ tọwọ́ bọ ìwé tán. Alùfáà ka Númérì orí 30 sí i létí, níbi tí a gbé fún baba ní àṣẹ láti sọ ẹ̀jẹ́ ọmọbìnrin tí ó wà nílé rẹ̀ di asán. Ṣùgbọ́n ẹsẹ 4 ṣáájú ẹsẹ 5. Bí baba bá gbọ́ tí ó sì dákẹ́, ẹ̀jẹ́ náà dúró; bí yóò bá kọ̀, ọjọ́ tí ó gbọ́ gan-an ni kí ó kọ̀. Bí a ti ka ọ̀rọ̀ ìdákẹ́ yìí, Edgar já lu alùfáà pé bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ti àwọn rí. Alùfáà ní kí ó mú sùúrù kí ó gbọ́ ìyókù. Lójú tiwa, Edgar ni ó jàre. Ẹnìkan lè wí pé kò sí ẹni tí ó fẹnu sọ ọ́ fún Sir William; ṣùgbọ́n ẹni tí ó rí iná lórí òrùlé rẹ̀ kò dúró kí a wá ròyìn èéfín fún un. Baba ni a fi àṣẹ náà fún, ìyá ni ó lò ó, baba tí ó mọ òfin ju gbogbo wọn lọ kò sì sọ pé ọjọ́ ti kọjá.

Ní òru ìgbéyàwó, Lucy gún ọkọ rẹ̀ lọ́bẹ, orí rẹ̀ dàrú, kò sì pẹ́ tí ó fi kú. Edgar gun ẹṣin láti lọ bá ẹ̀gbọ́n Lucy jà, iyanrìn tí ń rì sì gbé e mì tẹṣintẹṣin.

Ẹ má ṣe rò pé Scott ti inú orí ara rẹ̀ hun gbogbo rẹ̀. Ní ọdún 1669, Janet Dalrymple, tí ó ti ṣèlérí fún Lord Rutherford, ni a fi fún David Dunbar. Kò ju nǹkan bí oṣù kan lọ tí ó kú. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ lóru ìgbéyàwó náà kò dọ́gba lẹ́nu àwọn òpìtàn. James Dalrymple ni baba rẹ̀, ẹni tí ó di olórí àwọn adájọ́ ilẹ̀ náà ní ọdún 1671, tí ó sì tẹ ìwé òfin kan jáde ní ọdún 1681 tí àwọn agbẹjọ́rò Skọ́tlándì ṣì ń tọ́ka sí títí di òní. Ìyá Janet ni àwọn ènìyàn ń pè ní àjẹ́. Baba rẹ̀ ni a fi jẹ Viscount Stair ní ọdún 1690.