Kì í ṣe gbogbo ìpè ló yẹ kí server jẹ́

Bí ilé ìwé tàbí ilé ìwòsàn yín ní Mowe, Ibafo tàbí Ifo bá ń kó orúkọ èèyàn sínú SQL Server, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín.

Ìlà kóòdù kan péré nínú C#, GetDataSources, ló máa ń kígbe sórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì pé, "SQL Server wo ló wà níbí?" Èyí tí SQL Server Browser bá ń ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀ á dáhùn láti UDP 1434, á sọ orúkọ àti ẹ̀dà rẹ̀. Ó dẹ iṣẹ́ lọ́rùn fún àwa tí à ń kọ kóòdù. Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni tó bá ti wọ Wi-Fi yín lè pe ìpè yẹn náà.

UDP 1434 yìí kan náà ni kòkòrò Slammer gbà wọlé láti orí íntánẹ́ẹ̀tì ní 25 Oṣù Kìíní, 2003. Ó ran kọ̀ǹpútà tí kò dín ní 75,000, bẹ́ẹ̀ Microsoft ti gbé àtúnṣe rẹ̀ síta láti Oṣù Keje 2002.

Èrò tèmi ni pé kí ẹ pa Browser yẹn. Ẹ fún server ní port kan pàtó, kí ẹ kọ ọ́ sínú ètò tó ń lò ó, kí ẹ sì fi firewall dí 1434. Olè ṣì lè máa kan ilẹ̀kùn kọ̀ọ̀kan o, àmọ́ ẹ má fi ẹnu ara yín júwe ilé fún un.