Ọmọ Ẹ̀fẹ̀ Ni Beautiful Nubia

Bí ẹ bá bi mí pé olórin wo láyé ìsinsìnyí ló sún mọ́ Ẹ̀fẹ̀, olórin òru Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ilẹ̀ wa, jù, Beautiful Nubia ni màá dárúkọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Ìbàdàn ni wọ́n bí i sí. Ṣẹ́gun Akínlolú ni orúkọ àbísọ rẹ̀. Ìṣègùn ẹran ló kà ní Yunifásítì Ìbàdàn kí orin tó gbà á lọ́wọ́ iṣẹ́. Seven Lifes, àwo rẹ̀ àkọ́kọ́, jáde lọ́dún 1997. Nígbà tó di 2002, Jangbalajugbu dé.

Kò dúró de ọ̀gá kankan. EniObanke, ilé iṣẹ́ tó dá sílẹ̀ fúnra rẹ̀, ló ń gbé orin rẹ̀ jáde, nítorí náà kò sẹ́ni tó lè ní kó yọ gbólóhùn kan kúrò. Gìtá, ìlù, elégbè, ọ̀rọ̀ tó dún ketekete. Àṣá, akọrin obìnrin, náà mú gìtá, ó sì dára púpọ̀, ṣùgbọ́n ilé iṣẹ́ Faransé ló gbé àwo rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde lọ́dún 2007. Àwọn kan ní orin Nubia kò ṣeé ná owó sí lóde ìnáwó. Èmi ò rí àbùkù níbẹ̀. Ẹni tó bá jókòó tì í yóò gbọ́ ọ̀rọ̀ ìlú.

Ní Àfọ̀n níbí, a ti mọ irú olórin bẹ́ẹ̀ tipẹ́. Lóru Gẹ̀lẹ̀dẹ́, Ẹ̀fẹ̀ á jáde sójú ọjà, á júbà àwọn ìyá wa, á wá máa sọ ojú abẹ níkòó: olóyè tó jẹ owó ìlú, ọkọ tó pa ilé tì, olè oko. Orin tó fúnra rẹ̀ hun ni, ẹni tó bá bá wí kò sì gbọdọ̀ bínú. UNESCO kéde Gẹ̀lẹ̀dẹ́ bí ohun àjogúnbá gbogbo ayé lọ́dún 2001, fún Nàìjíríà wa, Benin àti Togo.

Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ wa tí mo ń gbọ́ lórí fóònù, ẹnu Èkó ni wọ́n fi ń kọrin. Ẹ̀ka èdè tí ìyá wọn fi rẹ̀ wọ́n lẹ́kún, wọn kì í mú un wọnú orin. Ó ń dùn mí gan-an.

Ẹ̀bẹ̀ mi sí ìjọba ìbílẹ̀ Ìmẹ̀kọ-Àfọ̀n ni pé nígbà ọdún Gẹ̀lẹ̀dẹ́ tó ń bọ̀, kí wọ́n fi wákàtí kan sílẹ̀ fún ọ̀dọ́ tó bá fọwọ́ ara rẹ̀ kọ orin lédè wa, ìbáà ṣe gìtá kan péré ló mú wá. Kí ó kọ́kọ́ lọ jókòó ti àwọn àgbà Ẹ̀fẹ̀, kí wọ́n bá a tún ibi tí orin náà ti ń tiro ṣe.