Ẹ̀yìnkùlé Ni Iná Wà

Ọ̀rọ̀ kan ń dùn mí nínú, n ó sì sọ ọ́ jáde lónìí kí ó má bàa di egbò. Láàárín wa níhìn-ín, bí ènìyàn bá ní òun fẹ́ kọ́ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà, kíá ni wọn yóò bi í léèrè pé, "Ojú ewé wo ni o ti ṣe lọ́ṣọ̀ọ́ rí?" Bí ó bá dáhùn pé iṣẹ́ ẹ̀yìn ni òun fẹ́, èyí tí àwọn oníṣẹ́ náà ń pè ní back-end, ẹ̀rín ni wọn yóò fi í rín. Wọn á ní iṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni kì í rí ni. Wọn á ní iṣẹ́ àwọn àgbà tí ayé ti fi sílẹ̀ ni. Bí ó bá sì jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ èdè bí èmi, wọn á ní kí ó lọ jókòó ti òwe àti oríkì rẹ̀. Mo ní irọ́ ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, irọ́ tí ó sì ń pa wá lára ni.

Nígbà tí a bá ń ṣe ìnáwó, iwájú ilé ni àlejò ń jókòó sí, lábẹ́ àtíbàbà. Wọ́n rí àwo, wọ́n rí aṣọ ẹbí, wọ́n gbọ́ ìlù. Ta ni ó rí àwọn tí èéfín ń ta lójú ní ẹ̀yìnkùlé? Síbẹ̀, bí iná ẹ̀yìnkùlé bá kú, ìnáwó ti bàjẹ́. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ètò kọ̀ǹpútà rí. Ojú fóònù tí a ń fọwọ́ tẹ̀ ni iwájú ilé. Ẹ̀yìnkùlé ni a ti ń gba orúkọ wọlé, tí a ti ń tò ó sí àká, tí a ti ń wá a jáde nígbà tí a bá nílò rẹ̀, tí a ti ń ṣírò owó kí ti ẹnìkan má bàa bọ́ sápò ẹlòmíràn.

Irọ́ kìíní ni pé iṣẹ́ tí a kò rí kò ní láárí. Ẹ wo Ken Thompson, ọmọ Amẹ́ríkà tí a bí ní 1943. Ní 1969, òun àti Dennis Ritchie bẹ̀rẹ̀ Unix ní Bell Labs. Unix kò ní ojú rírẹwà kan, ìpìlẹ̀ ni. Linux tí ó wà nídìí fóònù Android tí ó wà lápò yín, àpẹẹrẹ Unix ni ó tẹ̀lé. Ìdílé Unix ni ìdí iPhone pẹ̀lú ti wá. Ní 1983, wọ́n fún àwọn méjèèjì ní Turing Award, ẹ̀bùn tí kò sí èyí tí ó níyì jù ú lọ nínú ìmọ̀ kọ̀ǹpútà. Mélòó nínú ẹ̀yin tí ẹ lo fóònù lówùúrọ̀ yìí ni ó mọ orúkọ rẹ̀? Ẹ kò mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n ọbẹ̀ rẹ̀ ni ẹ ń jẹ.

Irọ́ kejì ni pé iṣẹ́ ọmọdé ni, pé bí ènìyàn bá ti dàgbà nínú rẹ̀, kí ó lọ di ọ̀gá, kí ó máa pàṣẹ. Nígbà tí Google gbé èdè Go jáde ní 2009, èdè tí Thompson ṣe pẹ̀lú Robert Griesemer àti Rob Pike, ẹni ọdún 66 ni. Wọ́n rí i pé ẹrù èdè C++ ti wúwo jù, wọ́n sì pinnu pé ohunkóhun tí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò bá fohùn ṣọ̀kan lé lórí kò ní wọ inú Go. Ọmọdé ń wá ohun tí yóò fi kún un. Àgbà mọ ohun tí ó yẹ kí a yọ kúrò. Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Nínú iṣẹ́ yìí, àkísà náà ni gbogbo àṣìṣe tí àgbà ti ṣe rí tí kò jẹ́ ṣe mọ́. Ta ni ó jẹ́ sọ fún agbẹ́gilére tí ọwọ́ rẹ̀ ti dá ṣáṣá pé kí ó sọ irin iṣẹ́ sílẹ̀, kí ó lọ máa ka owó oṣù àwọn ọmọ iṣẹ́?

Irọ́ kẹta ni ó dùn mí jù. Ní 1875, àwọn àgbà wa jókòó ní Èkó, Bíṣọ́ọ̀bù Crowther sì ṣe alága wọn, láti fẹnu kò lórí bí a ó ṣe máa kọ Yorùbá. Ní 1963, nígbà tí wọ́n gbé ASCII jáde ní Amẹ́ríkà láti máa fi nọ́ńbà dúró fún lẹ́tà, àmì 128 péré ni àyè wà fún. Kò sí ẹ níbẹ̀, kò sí ọ, kò sí ṣ. Ní oṣù September 1992, Thompson àti Pike lọ jẹun alẹ́ ní New Jersey. Lórí ìwé pélébé tí a tẹ́ sábẹ́ àwo ni Thompson ti ya UTF-8, ọgbọ́n tí ó fi ààyè gba lẹ́tà gbogbo èdè ayé. Nínú rẹ̀, "a" gba àyè kan, "ẹ" gba mẹ́ta, "ẹ́" gba márùn-ún. Òun ni èyí tí ó pọ̀ jù nínú ojú ewé íntánẹ́ẹ̀tì ń lò lónìí.

Kí ni ó wá ṣẹlẹ̀ sí mi? Ṣọlá ni orúkọ mi. Mo kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ lórí ètò ọ́fíìsì kan tí ojú rẹ̀ ń dán bí dígí. Ìwé tí wọ́n fún mi padà, "??lá" ni ó wà lórí rẹ̀. Wọ́n ní kí n yọ àmì kúrò. Mo yọ ọ́. Ọ́fíìsì kejì ní Sola kì í ṣe Ṣọlá tí ó wà nínú ìwé ọjọ́ ìbí mi, kí n lọ búra ní kóòtù pé èmi ni èmi! Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Ṣé kọ̀ǹpútà ni kí a máa wò báyìí? Ọgbọ́n tí ìbá gbà mí ti wà láti 1992. Ẹni tí yóò lò ó ní ẹ̀yìnkùlé ni kò sí.

Ìṣòro náà kò sì tán síbẹ̀. A lè kọ "ẹ́" nípa fífi àmì ohùn lé orí "ẹ", a sì tún lè kọ ọ́ nípa fífi àmì sábẹ́ "é". Lójú ènìyàn, ọ̀kan náà ni. Lójú kọ̀ǹpútà, méjì ni, àfi bí ẹni ẹ̀yìn bá sọ wọ́n di ọ̀kan. Bí kò bá ṣe é, orúkọ tí a fi pamọ́ lánàá, a ó wá a títí lónìí, a kò ní rí i. Ta ni yóò sọ fún un pé ọkọ, ọkọ̀ àti ọkọ́ kì í ṣe ohun kan náà, pé bí a bá yọ àmì wọn, gbogbo wọn á di oko? Àwa tí a ń kọ́ èdè ni.

N kò bú àwọn tí ń ṣe iwájú lọ́ṣọ̀ọ́. Àlejò kì í jẹun láìsí àwo. Ṣùgbọ́n bí gbogbo wa bá sá lọ nu àwo, ta ni yóò dáná? Nítorí náà, kí Ẹgbẹ́ yìí pe àwọn àgbà oníṣẹ́ ẹ̀yìn wá bá wa sọ̀rọ̀. Kí ẹnikẹ́ni nínú wa tí ó bá lè kọ́ iṣẹ́ náà kọ́ ọ láìtijú. Kí a má sì gbà mọ́ kí ọ́fíìsì kankan sọ pé kí a bọ́ àmì kúrò lórí orúkọ wa nítorí ọ̀lẹ ẹ̀rọ wọn.

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Èmi ni Ṣọlá. Kò sí àmì ìbéèrè nínú orúkọ tí bàbá mi sọ mí.