A Kì í Ka Ọmọ fún Ọlọ́mọ: Ta Ló Yẹ Kó Ka Aláwọ̀ Dúdú?

Bí àlejò bá wọ agbo ilé kan nílẹ̀ Yorùbá, tó rí àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ tí wọ́n ń ṣeré lójúde, tó wá bẹ̀rẹ̀ sí í na ìka sí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan pé ení, èjì, ẹ̀ta, kò ní pẹ́ tí ìyá àgbà kan yóò fi dá a lẹ́kun. "A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ" ni yóò sọ fún un. Àwọn kan gbà pé nítorí ikú àti ojú burúkú ni. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà lábẹ́ òwe náà tí àwọn àgbà kì í sábà sọ jáde: kí ni ẹni tí kò bí ọmọ fẹ́ fi iye wọn ṣe?

Ìbéèrè yìí gan-an ló dojú kọ àwọn aláwọ̀ dúdú l'Amẹ́ríkà báyìí. Ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹta ọdún 2024, ọ́fíìsì tó ń rí sí ìṣàkóso àti ètò ìnáwó lábẹ́ Ààrẹ Amẹ́ríkà ṣe àtúnṣe sí ìlànà tí ìjọba àpapọ̀ fi ń béèrè àwọ̀ àti ìran àwọn èèyàn. Láti 1977 ni ìlànà ọ̀hún ti wà, wọ́n sì ti tún un ṣe lẹ́ẹ̀kan ní 1997. Nínú èyí tuntun, kò tó mọ́ kí èèyàn kàn fàmì sí i pé aláwọ̀ dúdú lòun. Fọ́ọ̀mù yóò tún bi í léèrè ìran rẹ̀: ṣé ọmọ Amẹ́ríkà tí baba ńlá rẹ̀ ti Áfíríkà wá ni, àbí ará Jàmáíkà, Háítì, Nàìjíríà, Etiópíà tàbí Sòmálíà? Ẹni tí orúkọ ìran tirẹ̀ kò bá sí níbẹ̀ yóò rí àyè kọ ọ́ sí. Ọdún 5 ni wọ́n fún àwọn ilé-iṣẹ́ ìjọba nígbà náà láti mú un ṣẹ.

Inú àwọn kan dùn sí i. Ara àwọn mìíràn kọ̀ ọ́.

Ẹni tó bá mọ ìtàn kò ní bá àwọn tí ara wọn kọ̀ ọ́ wí. Ní 1790 tí Amẹ́ríkà kọ́kọ́ ka èèyàn, ìpín ńlá mẹ́ta ni wọ́n tò wọ́n sí: aláwọ̀ funfun olómìnira, àwọn olómìnira yòókù, àti ẹrú. Òfin ilẹ̀ náà ní kí wọ́n ka ẹrú márùn-ún bí ẹni mẹ́ta tí wọ́n bá ń pín ìjókòó ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin, àwọn ìpínlẹ̀ tó ń lo ẹrú sì ń rí ìjókòó kún ìjókòó lórí àwọn èèyàn tí kò lẹ́tọ̀ọ́ láti dìbò. Ní 1850 àti 1860, ìwé ọ̀tọ̀ ni wọ́n kọ àwọn ẹrú sí. Wọ́n kọ ọjọ́ orí wọn, wọ́n kọ bóyá akọ ni tàbí abo, wọ́n kọ bóyá dúdú ni tàbí àdàpọ̀. Orúkọ olówó wọn wà níbẹ̀, tiwọn kò sí. Ọdún 1870 ni ọ̀pọ̀ wọn tó ní orúkọ nínú ìwé ìkànìyàn. Ìdí nìyí tí àwọn ọmọ ọmọ wọn tó ń tọpa ìran lónìí fi máa ń dé 1870 tí ọ̀nà á sì dí mọ́ wọn lójú. Ní 1890, wọ́n ní kí akànìyàn sọ bóyá ìdá kan nínú mẹ́rin ẹ̀jẹ̀ èèyàn ni ti aláwọ̀ dúdú, tàbí ìdá kan nínú mẹ́jọ. Ojú lásán ló sábà ń fi mọ̀ ọ́n. Kó tó di 1960, ẹni tí wọ́n rán wá kà ló ń pinnu ohun tí ẹni tí wọ́n ń kà jẹ́.

Kíka ọmọ fún ọlọ́mọ gan-an nìyẹn.

Nílé náà, ojú wa ti rí i. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1929, ní Oloko nílẹ̀ Igbo, ẹni tí olóyè ìjọba amúnisìn rán lọ bá obìnrin kan tó ń jẹ́ Nwanyeruwa nílé, ó ní kó ka àwọn èèyàn rẹ̀, ewúrẹ́ rẹ̀ àti àgùntàn rẹ̀. Nwanyeruwa bi í bóyá wọ́n ti ka ìyá tirẹ̀. Obìnrin náà mọ̀ pé wọ́n ti ka àwọn ọkùnrin ṣáájú, owó orí ló sì tẹ̀ lé e. Láti ibẹ̀ ni ogun àwọn obìnrin ti bẹ́ sílẹ̀.

Síbẹ̀, ó yẹ kí a tún òwe náà gbọ́ dáadáa. Kò sọ pé kí ọlọ́mọ má ka ọmọ rẹ̀. Ìyá tó ń bu oúnjẹ lálẹ́ mọ iye abọ́ tí yóò tò, ó sì mọ ọmọ tí kò tíì délé. Ohun tí òwe kọ̀ ni kí àjèjì gba iye náà lẹ́nu ẹni tó ni í, kó sọ ọ́ bó ṣe wù ú, kó sì fi ṣe tara rẹ̀.

Ìlú Ọba jẹ́ ká rí àǹfààní tó wà níbẹ̀ bí onílé bá fẹnu ara rẹ̀ sọ iye ilé rẹ̀. Ọdún 1991 ni ìkànìyàn kọ́kọ́ béèrè ìran àwọn èèyàn ní England, Scotland àti Wales, ó sì ya aláwọ̀ dúdú tó ti Áfíríkà wá sọ́tọ̀ sí ti erékùṣù Caribbean. Ní 2011, àwọn tó pe ara wọn ní aláwọ̀ dúdú láti Áfíríkà ní England àti Wales jẹ́ nǹkan bí 990,000. Nígbà tó fi di 2021, wọ́n ti di mílíọ̀nù 1.5. Fọ́ọ̀mù 2021 tún fún wọn láyè láti fọwọ́ ara wọn kọ orírun wọn: ẹni tó fẹ́ kọ Nàìjíríà lè kọ ọ́, ẹni tó fẹ́ kọ Yorùbá lè kọ ọ́.

Nígbà tí àrùn Kòrónà dé, ìyàsọ́tọ̀ yìí di ọ̀rọ̀ ẹ̀mí. Ìwé ikú ní England kì í sọ ìran ẹni tó kú nígbà náà. Àjọ oníṣirò ìjọba wá so ìwé ikú pọ̀ mọ́ ohun tí àwọn èèyàn ti kọ sílẹ̀ nínú ìkànìyàn 2011. Ohun tí wọ́n rí dẹ́rù bani. Láàárín oṣù Kìn-ín-ní sí oṣù Kẹsàn-án ọdún 2020, bí àrùn náà ṣe ń pa ọkùnrin aláwọ̀ dúdú láti Áfíríkà fi ìlọ́po 3.7 ju ti òyìnbó ilẹ̀ náà lọ. Ti àwọn obìnrin jẹ́ ìlọ́po 2.6. Nínú gbogbo ìran tí wọ́n yẹ̀ wò, kò sí èyí tí ọwọ́ ikú le mọ́ tó bẹ́ẹ̀ lásìkò náà. Ibi tí wọ́n ń gbé, iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe àti ipò ìgbé-ayé wọn ló ṣàlàyé púpọ̀ nínú rẹ̀. Bí àwọn èèyàn wọ̀nyí kò bá ti fọwọ́ ara wọn kọ ọ́ sílẹ̀ ní 2011, òkú wọn ì bá wọ ilẹ̀ láìsí ẹni tó mọ̀ pé ìran kan ni ọ̀fọ̀ náà pọ̀ sí jù.

Ọ̀rọ̀ ilé-ìwé náà rí bẹ́ẹ̀. Nínú ìdánwò GCSE tí àwọn ọmọ ilé-ìwé sẹ́kọ́ńdírì ń ṣe ní England, èsì àwọn ọmọ tí òbí wọn ti Áfíríkà wá sábà máa ń sún mọ́ ti gbogbo ọmọ lápapọ̀ tàbí kó jù ú lọ, ti àwọn ọmọ Caribbean sì ń wà nísàlẹ̀. Bí a bá pò wọ́n pọ̀, ọmọ tó nílò ìrànlọ́wọ́ á sọnù sínú ìṣirò. Nítorí èyí ni àkọsílẹ̀ ilé-ìwé England fi ní àmì ọ̀tọ̀ fún ọmọ Nàìjíríà, Ghana àti Sòmálíà, fún ìjọba ìbílẹ̀ tó bá fẹ́ lò ó. Ìpínlẹ̀ Minnesota l'Amẹ́ríkà náà ṣòfin irú rẹ̀ ní 2016, ó sì ń ya àwọn ọmọ Sòmálíà, Oromo, Liberia àti Nàìjíríà sọ́tọ̀ nínú àkọsílẹ̀ akẹ́kọ̀ọ́.

Ní 2020, ìkànìyàn Amẹ́ríkà fún aláwọ̀ dúdú láyè fún ìgbà àkọ́kọ́ láti kọ orírun rẹ̀ sábẹ́ àwọ̀ rẹ̀. Nígbà tí èsì jáde ní 2023, àwọn tó kọ Nàìjíríà lé ní 600,000, àwọn ló sì pọ̀ jù nínú àwọn tó kọ orúkọ ilẹ̀ Áfíríkà ní gúúsù Sàhárà.

Àríyànjiyàn kò ṣàì wà láàárín àwọn aláwọ̀ dúdú fúnra wọn. Àwọn tí baba ńlá wọn já òwú lábẹ́ pàṣán ń sọ pé kò yẹ kí wọ́n ka àwọn mọ́ ẹni tó bọ́ọ̀lẹ̀ nínú bàálù láná, pàápàá tí ọ̀rọ̀ àsanpadà fún oko ẹrú bá délẹ̀. California gbọ́ tiwọn: òfin kan ní 2022 ní kí àkọsílẹ̀ àwọn òṣìṣẹ́ ìpínlẹ̀ náà yà wọ́n sọ́tọ̀. Àwọn mìíràn ń bẹ̀rù pé ìyàsọ́tọ̀ yóò fọ́ ohùn aláwọ̀ dúdú sí wẹ́wẹ́. Ẹ̀rù yìí kò yẹ kó pọ̀ jù. Abẹ́ orí kan náà ni gbogbo àpótí náà wà lórí fọ́ọ̀mù. Ẹni tó fàmì sí Nàìjíríà kò kúrò nínú iye aláwọ̀ dúdú.

Ẹ̀rù tó yẹ kí èèyàn ní ni ti ẹni tí yóò di ìwé náà mú. Ní 1942, ilé-iṣẹ́ ìkànìyàn Amẹ́ríkà fún àwọn ológun ní iye àwọn ọmọ ìran Japan ní àdúgbò kọ̀ọ̀kan. Nǹkan bí 120,000 èèyàn ni wọ́n kó lọ sí àgọ́. Ní Rwanda, káàdì ìdánimọ̀ tí àwọn Belgium gbé kalẹ̀ láti àwọn ọdún 1930, tó ń sọ ẹ̀yà ẹni, ni àwọn apànìyàn ń gbà wò lójú ọ̀nà ní 1994. Lónìí, òfin Amẹ́ríkà lè fi òṣìṣẹ́ ìkànìyàn tó bá tú àṣírí sẹ́wọ̀n títí dé ọdún 5, ó sì lè bu 250,000 dọ́là lé e lórí. Ọdún 72 gbọ́dọ̀ kọjá kí aráàlú tó lè rí orúkọ tó wà nínú ìwé náà. Ṣùgbọ́n ohun tí ilé-iṣẹ́ ìkànìyàn ń kó jọ nìkan ni òfin yẹn dáàbò bò. Fọ́ọ̀mù ilé ìwòsàn, ti ilé-ìwé àti ti ibi iṣẹ́ ní òfin tiwọn, ó sì tọ́ kí ẹni tó ń kọ ọ́ béèrè rẹ̀.

Bí ọ̀rọ̀ bá dé orí iye Yorùbá, ọmọ Yorùbá tó wà ní Peckham ní Ìlú Ọba lè kọ ìran rẹ̀ sínú ìwé ìjọba, ẹni tó wà n'Íbàdàn kò tíì lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ìkànìyàn Nàìjíríà ní 1991 àti 2006 kò béèrè ẹ̀yà rárá, nítorí ìjà tó ti ń tẹ̀ lé iye èèyàn láti àwọn ọdún 1960.

Ìkànìyàn Amẹ́ríkà tó ń bọ̀ yóò wáyé ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹrin ọdún 2030. Ní 2020, ìwádìí ilé-iṣẹ́ ìkànìyàn náà fúnra rẹ̀ fi hàn pé iye aláwọ̀ dúdú tí wọ́n kà dín sí iye wọn gangan ní ìdá 3.3 nínú ọgọ́rùn-ún. Bí ilé kan bá kọ̀ láti dáhùn, aládùúgbò ni wọ́n máa ń lọ bi, tàbí kí wọ́n fi ìṣirò méfò. Nítorí náà, kí gbogbo bàbá àti ìyá aláwọ̀ dúdú tó wà níbẹ̀ fọwọ́ ara wọn kọ ilé wọn pé pérépéré, látorí arúgbó dórí ọmọ ọwọ́, kí wọ́n kọ ibi tí wọ́n ti ṣẹ̀ wá, kí wọ́n sì máa bi ìjọba léèrè, lọ́dọọdún, ohun tó ń fi iye náà ṣe.